NLR, CRP, albumin: bí a ṣe ń ka ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní sàkómà

Dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì ní PSA, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó lè máa ṣọ́ látoṣù dé oṣù. Èyí tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin ní CA-125. Sàkómà ẹran ara kò ní irú rẹ̀. Kò sí èròjà kan pàtó tí ilé ìwòsàn ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, tí a lè nàka sí pé kókó náà ló ń tú u jáde. Síbẹ̀, àwọn òǹkà kan wà nínú fáìlì aláìsàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fojú fò: neutrophil àti lymphocyte (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun méjì), platelet (tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì), haemoglobin (tó ń gbé atẹ́gùn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa), CRP àti albumin (èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe), LDH (èròjà inú sẹ́ẹ̀lì). Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni ìwádìí lórí wọn ti ń pọ̀ sí i nínú ọ̀rọ̀ sàkómà, ohun tí èyí tó pọ̀ jù sì ń sọ ni pé bí àwọn òǹkà yìí ṣe rí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ń tọ́ka sí bí ẹ̀mí aláìsàn yóò ṣe gùn tó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ka òótọ́ náà sódì pọ̀, ibẹ̀ la sì máa pẹ́ sí jù lónìí.

Sàkómà ẹran ara kì í ṣe àrùn kan. Orúkọ ìdílé ni, fún àwọn jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rá, iṣu ẹran, iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ tó bo iṣan ìmọ̀lára àti àwọn ẹran tó so ara pọ̀. Nǹkan bí 1 nínú 100 jẹjẹrẹ àwọn àgbàlagbà ni, síbẹ̀ irú rẹ̀ lé ní 70 nínú ìpínsísọ̀rí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Liposarcoma jẹ́ ti ọ̀rá, angiosarcoma jẹ́ ti iṣan ẹ̀jẹ̀, leiomyosarcoma jẹ́ ti irú iṣu ẹran tó wà lára ilé-ọmọ àti ìfun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa tó dá wa lẹ́jọ́.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mọ̀? Ní 1863 ni Rudolf Virchow ti ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń kóra jọ sínú kókó jẹjẹrẹ. Kókó tó ń yára dàgbà máa ń ju oúnjẹ àti atẹ́gùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Àárín rẹ̀ á kú, ara á sì dojú kọ òkú ẹran yẹn bí ìgbà tó ń bá egbò jà. Ìjà yìí ni wọ́n ń pè ní inflammation. Lára àwọn ońṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ kiri, interleukin-6 ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa. Tó bá ti dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú CRP jáde, á dín albumin tó ń ṣe kù, á tú hepcidin síta tó ń ti irin mọ́lé kí mùdùnmúdùn má fi rí i lò fún sẹ́ẹ̀lì pupa, á sì fi kún thrombopoietin tó ń mú kí platelet pọ̀. Nítorí náà, tí CRP aláìsàn kan bá ga, tí albumin rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí platelet rẹ̀ sì lé ní 400 ×10⁹ nínú lítà kan, ẹ má kà á sí ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ti neutrophil àti lymphocyte gba ọ̀nà mìíràn. Lymphocyte wà lára àwọn tó lè dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀ kí wọ́n sì pa á. Neutrophil ni ẹ̀ṣọ́ tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù nídìí kókó, ó lè máa tú VEGF jáde tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, àti àwọn èròjà tó ń gé ẹran lójú ọ̀nà kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí àyè kọjá. Monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, náà lè wọ inú kókó kó di macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì, tó ń gbè sẹ́yìn ọ̀tá. LDH rọrùn ju gbogbo wọn lọ: inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́, á ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kókó tó ń jẹ ṣúgà púpọ̀, bí Otto Warburg ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920, máa ń ní púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi òǹkà ṣe é. Ká ní èsì ẹnì kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ rí báyìí: neutrophil 6.3, lymphocyte 1.4, monocyte 0.7, platelet 378, gbogbo wọn ní ×10⁹ nínú lítà kan. Albumin 33 g/L. CRP 24 mg/L.

NLR ni neutrophil tí a fi lymphocyte pín: 6.3 ÷ 1.4, ó jẹ́ 4.5. PLR ni platelet tí a fi lymphocyte pín, 270. LMR ni lymphocyte tí a fi monocyte pín, 2.0. SII jẹ́ platelet lọ́nà neutrophil, kí a tó fi lymphocyte pín in: 378 × 6.3 ÷ 1.4, ó jẹ́ 1701. PNI ni albumin ní g/L, kí a fi lymphocyte lọ́nà 5 kún un: 33 + 7, ó jẹ́ 40. Máàkì àsọtẹ́lẹ̀ ti Glasgow tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n ń pè ní mGPS, kò nílò ìṣirò kankan. CRP tí kò ju 10 mg/L lọ, máàkì 0. CRP tó ju 10 lọ ṣùgbọ́n tí albumin ṣì tó 35 g/L, máàkì 1. CRP tó ju 10 tí albumin sì kéré sí 35, máàkì 2. Ẹni tiwa yìí gba 2, èyí tó burú jù nínú rẹ̀.

NLR, PLR àti SII, bí wọ́n bá ṣe ga sí ni wọ́n ṣe ń kọni lóminú sí. LMR àti PNI ni òdìkejì, tí wọ́n bá lọ sílẹ̀ ni kí ojú ó là.

Kò sẹ́ni tí kò lè ṣe ìṣirò yìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni òṣùwọ̀n. Láàbù kan á kọ CRP ní mg/L, òmíràn á kọ ọ́ ní mg/dL. 2.4 mg/dL àti 24 mg/L kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 2.4 wé 10 á ní kò sí wàhálà. Albumin náà rí bẹ́ẹ̀: 3.3 g/dL ni 33 g/L. Ẹni tó bá sì rí agbekalẹ PNI àtijọ́ níbi tí wọ́n ti fi 10 sọ albumin di púpọ̀, tí wọ́n fi 0.005 sọ lymphocyte di púpọ̀, kó mọ̀ pé g/dL àti iye sẹ́ẹ̀lì nínú mílímítà onígun mẹ́ta kan ni wọ́n fi ṣe é. Ìdáhùn kan náà ló ń fúnni. Tó bá jẹ́ pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ni láàbù kọ fún sẹ́ẹ̀lì funfun, NLR àti LMR ṣì ṣeé ṣe, torí iye kan náà ni a pín àwọn méjèèjì lára. PLR àti SII kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ iye gidi.

Kí a tó pín ohunkóhun, ó yẹ ká béèrè bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe jáde lára àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà. Túùbù onídèérí àwọ̀ àlùkò, èyí tó ní EDTA tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n ń lò fún kíka sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wà tí EDTA máa ń mú kí platelet wọn so kọ́ra wọn, tí ẹ̀rọ á sì ka òkìtì platelet bí ẹyọ kan, tàbí kó má kà á rárá. Òǹkà platelet á wá kéré láìnídìí, PLR àti SII á sì dà bíi pé ara yá. Wíwo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù á fi òkìtì hàn. Wọ́n á tún un gbà sínú túùbù oní-citrate, wọ́n á sì fi 1.1 sọ èsì di púpọ̀ nítorí omi citrate tó ti pò mọ́ ọn. LDH ló ń tètè bàjẹ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì pupa kún fún LDH, nítorí náà abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù, fífa ẹ̀jẹ̀ tagbáratagbára, mímì túùbù bí ẹni ń po oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé LDH sókè. Tí omi ẹ̀jẹ̀ tó yọ lókè bá ti pọ́n, kí wọ́n gba òmíràn. Kí wọ́n tètè yà á kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n má sì gbé e sínú fíríìjì kó máa retí àyẹ̀wò, torí òtútù máa ń ba lára irú LDH jẹ́. Ní ti albumin, okùn tí wọ́n so mọ́ apá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ máa ń gbé e sókè, ìdùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń fà á wálẹ̀ ju ti ẹni tó wà ní òró lọ. Oògùn tí láàbù fi ń wọ̀n ọ́ náà ń dá sí i: bromocresol green máa ń fi iye kún albumin ju bromocresol purple lọ, pàápàá nígbà tí inflammation bá pọ̀, ìyẹn gan-an ìgbà tí a nílò òǹkà tó péye. Láàárín 33 sí 36, ìyẹn nìkan tó láti yí mGPS padà láti 2 sí 1.

Lẹ́yìn ti láàbù ni ti oògùn, ibí sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Dexamethasone àti prednisolone, tí wọ́n jẹ́ oògùn steroid, máa ń já neutrophil tó so mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, wọ́n á sì lé lymphocyte kúrò nínú rẹ̀, láàárín wákàtí 4 sí 6. NLR lè lọ láti 2 sí 8 láìjẹ́ pé kókó fi bí orí abẹ́rẹ́ tóbi sí i. Ẹni tó ń gba steroid nítorí ìrora, nítorí ikọ́ fée, tàbí kí èébì kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) má baà yọ ọ́ lẹ́nu, NLR rẹ̀ lákòókò yẹn kò ṣeé gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lé. Abẹ́rẹ́ G-CSF tí wọ́n fi ń gbé sẹ́ẹ̀lì funfun dìde lẹ́yìn kímò burú ju ìyẹn lọ. Doxorubicin, kímò tí wọ́n sábà ń lò fún sàkómà, fúnra rẹ̀ máa ń fa neutrophil wálẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Ẹni tó bá ka NLR lọ́jọ́ yẹn, mùdùnmúdùn ló ń kà. Ìtànṣán máa ń pa lymphocyte, ó sì lè jẹ́ oṣù púpọ̀ kó tó padà sípò. Sìgá ń gbé neutrophil sókè, oyún náà ń gbé e sókè.

CRP kì í pẹ́ gbéra. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín nǹkan bí wákàtí 6 tí nǹkan bá ti dà ara láàmú, á dé góńgó láàárín nǹkan bí wákàtí 36 sí 50, tí ohun tó fà á bá sì ti tán, ìdajì rẹ̀ á lọ ní nǹkan bíi wákàtí 19 síra. Èyí jẹ́ ẹ̀bùn àti ìdààmú. Eyín tó ń dunni, otútù àyà, àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀, ojú abẹ biopsy (gbígba ẹran díẹ̀ yẹ̀ wò) tí kò tíì san, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó láti gbé e kọjá 10. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń ga jù. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n gbà kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ biopsy kan kókó. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró títí ojú ibẹ̀ á fi san, kí wọ́n gba ti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Tí àkọ́kọ́ bá ga, kí wọ́n tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò méjì tó fi ọ̀sẹ̀ méjì jìnnà síra tí wọ́n sì jọ wí ohun kan náà ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan tó ga fíofío lọ. Albumin ní tirẹ̀ kì í yára: ìdajì ayé rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bí ọjọ́ 20. Tó bá lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń fà á ti pẹ́ lára.

Ohun kan wà tí àwọn ìwádìí kì í sábà kọ sí iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ wá kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn, nítorí ìyípadà kan nínú jíìnì ACKR1. Ìyípadà yìí ló ń dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ irú ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní vivax, òun náà ló sì ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ láìsí àìsàn. Ó lè kéré sí 1.5, kí ara ẹni náà sì le koko. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yúróòpù àti ìlà-oòrùn Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ààlà NLR tí wọ́n ń lò ti wá. Ẹni tí NLR rẹ̀ nígbà ìlera jẹ́ 1, tó wá di 2.4 nígbà tí kókó yọ, ti ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n ààlà 3 á kà á mọ́ àwọn tí ara wọn dá. Tí èsì àtijọ́ bá wà níbìkan, ti ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, kí wọ́n wá a jáde. Fífi ẹni wé ara rẹ̀ sàn ju fífi í wé àjèjì lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé náà jọ èyí. Lymphocyte ló máa ń pọ̀ ju neutrophil lọ lára ọmọ kékeré títí dé nǹkan bí ọdún 4 tàbí 5, nítorí náà ààlà àgbàlagbà kò ní nǹkan kan ṣe lára ọmọ ọdún 3 tó ní rhabdomyosarcoma, irú sàkómà kan.

Ààlà gan-an ni orí fífọ́ tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ka ìwádìí mẹ́wàá lórí NLR nínú sàkómà, ẹ máa rí ààlà láti nǹkan bí 2 títí dé 5. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn olùwádìí sábà máa ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ti tọ́jú jọ, wọ́n á wá ibi tí àwọn tó kú àti àwọn tó yè ti pín síra jù lọ nínú àkọsílẹ̀ yẹn, wọ́n á pa ààlà síbẹ̀, wọ́n á sì padà fi àkọsílẹ̀ yẹn kan náà dán ààlà náà wò. Bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣètò ìdánwò fún ara rẹ̀ ni. Dandan ni kó gba máàkì tó dáa. Láti 2005 ni ìlànà REMARK ti wà tó ní kí ẹni tó bá ń ròyìn àmì jẹjẹrẹ sọ bó ṣe rí ààlà rẹ̀, kó sì sọ gbogbo ohun tó dán wò, títí kan èyí tí kò jọ mọ́ nǹkan. Ẹni tó ń ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè béèrè nǹkan mẹ́ta péré: ṣé wọ́n dán ààlà yìí wò lára àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn mìíràn? Ṣé wọ́n yọ àwọn tó ní àkóràn tàbí tó ń lo steroid kúrò? Ṣé àmì náà ṣì dúró lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwọ̀n kókó àti grade rẹ̀ (bó ṣe le tó lábẹ́ maikirosíkóòpù) sínú ìṣirò kan náà? Ìbéèrè kẹta yẹn ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú. Kókó ńlá tó ń kú láàárín ló ń fa inflammation, kókó ńlá náà ló sì ń pani. Àmì ẹ̀jẹ̀ lè wulẹ̀ máa sọ ohun tí teepu ìwọ̀n ti sọ tẹ́lẹ̀.

Òǹkà tí wọ́n ń kọ síwájú jù ni hazard ratio, òun sì ni wọ́n máa ń ṣì túmọ̀. Hazard ratio 2 kò túmọ̀ sí pé ẹni yẹn á lo ìdajì ọjọ́ ayé ẹnì kejì. Ó túmọ̀ sí pé ní ìgbàkigbà tí a bá wò ó, ewu ikú nínú ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ fi ṣe ìṣirò: ká ní 80 nínú 100 ló ṣì wà láàyè ní ọdún 5 nínú ẹgbẹ́ tí NLR wọn kéré. Pẹ̀lú hazard ratio 2, 0.8 × 0.8 ló máa kù nínú ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn 64 nínú 100. Ẹgbẹ́ tó burú ni ní tòótọ́, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà níbẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n bá kàn sọ fún pé “NLR yín ga, ewu yín jẹ́ ìlọ́po méjì” kò lè gbọ́ 64 yẹn nínú gbólóhùn náà.

Àmì wo wá ni wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀? Grade ni àkọ́kọ́. Dókítà tó ń wo ẹran lábẹ́ maikirosíkóòpù á fún kókó ní máàkì 1 sí 3 lórí bó ṣe jọ ẹran tó ti wá, 1 sí 3 lórí bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń pín tó, 0 sí 2 lórí bí òkú ẹran inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àpapọ̀ 2 tàbí 3 ni grade 1. 4 tàbí 5 ni grade 2. 6 sí 8 ni grade 3. Ètò àwọn ará Faransé ni, FNCLCC ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwọ̀n: fún apá, ẹsẹ̀ àti àgọ́ ara, àtẹ̀jáde kẹjọ ìlànà AJCC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń pín jẹjẹrẹ sí ipele, pa ààlà sí sẹ̀ǹtímítà 5, 10 àti 15. Lẹ́yìn náà ni irú sàkómà, ọjọ́ orí, àti bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Sarculator, ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù tó ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ Milan wá, ń fi ọjọ́ orí, ìwọ̀n, grade àti irú sàkómà sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ti apá àti ẹsẹ̀. Kò béèrè àmì ẹ̀jẹ̀ kankan. Lójú tiwa, ìyẹn sọ ipò tí àwọn àmì yìí wà gan-an: wọ́n lè fi kún òye ẹni tó ti mọ grade àti ìwọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gba àga wọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Wọ́n tún yàtọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí jẹjẹrẹ yóò bá padà hù lójú ibi tí wọ́n ti gé e, etí ibi tí wọ́n gé ló sábà ń sọ ọ́, bóyá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dé etí ẹran tí wọ́n yọ tàbí kò dé ibẹ̀. NLR kò lè mọ bí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ṣe lọ. Ti ìwàláàyè lápapọ̀ ló sún mọ́ àmì ẹ̀jẹ̀ jù, torí ìwàláàyè lápapọ̀ ń ka gbogbo ikú, títí kan ti ọkàn, ti àkóràn àti ti ọjọ́ ogbó; albumin tó lọ sílẹ̀ ń sọ nípa gbogbo wọn. Tí ìwádìí kan bá sọ pé PNI ń sọ ìwàláàyè tẹ́lẹ̀ láìsọ pé ó ń sọ ìtànkálẹ̀ jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ara aláìsàn ṣe lágbára tó ló ń wọ̀n.

Ìdílé tí a sọ lókè ti dé báyìí. Inflammatory myofibroblastic tumour, ọ̀kan nínú ìdílé yìí, lè gbé ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, rírù àti CRP gíga wá, torí pé ó máa ń fa interleukin-6 púpọ̀. Síbẹ̀ kì í sábà tàn kálẹ̀, tí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ tán, gbogbo àmì yẹn lè pòórá. CRP kan náà lára ẹni tó ní undifferentiated pleomorphic sarcoma grade 3 ní itan jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Àwọn sàkómà díẹ̀ tún wà tó ń tú G-CSF jáde fúnra wọn, tí sẹ́ẹ̀lì funfun á fi ga bíi ti ẹni tó ní àkóràn ńlá, tí wọ́n á máa wá kòkòrò kiri tí wọn ò ní rí i. Angiosarcoma lè máa jẹ platelet inú rẹ̀, kí PLR wá kéré nígbà tí àrùn ń le sí i. Ìwádìí tó bá da irú 20 pọ̀ sínú agbada kan, àárín gbùngbùn ló máa fúnni, kò sì sí aláìsàn kankan tó ń gbé ní àárín gbùngbùn.

Nígbà tí òǹkà bá wá burú ní tòótọ́, tí wọ́n ti tún un ṣe, tí kò sí àkóràn, tí kò sí steroid, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Wọn kì í fi yan kímò, wọn kì í sì fi dá iṣẹ́ abẹ dúró. Wọ́n lè fi mọ ẹni tí onímọ̀ oúnjẹ gbọ́dọ̀ rí kí wọ́n tó gé e, torí ojú abẹ ẹni tí albumin rẹ̀ kéré kì í tètè jinná, pàápàá tó bá ti kọ́kọ́ gba ìtànṣán. Wọ́n lè fi wá ìdí àìtó ẹ̀jẹ̀: haemoglobin tó kéré sí 13 g/dL lára ọkùnrin tàbí 12 lára obìnrin tí kò lóyún yẹ kí wọ́n tú wò bóyá irin ni kò tó tàbí hepcidin ló tì í mọ́lé. Ferritin, èròjà tó ń tọ́jú irin pamọ́, tó bá kéré, ó fi hàn pé irin tán. Ferritin tó ga pẹ̀lú CRP tó ga kò tíì dáni láre, torí inflammation fúnra rẹ̀ ń gbé ferritin sókè, ẹ fi transferrin saturation (bí irin ṣe pọ̀ tó lára èròjà tó ń gbé e kiri) kún un. Fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára kí òǹkà lè dára lórí ìwé kò yí àsọtẹ́lẹ̀ padà. Ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀. Ní ti àbójútó lẹ́yìn ìtọ́jú, àwòrán àyà ni wọ́n ń gbára lé, ní nǹkan bí oṣù 3 sí 4 síra fún ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́ tí grade bá ga, kó tó di oṣù 6 síra títí dé ọdún 5. CRP tó ga láìnídìí láàárín méjì nínú wọn lè mú kí wọ́n fa àwòrán náà súnmọ́. CRP tó dára kò lè mú kí wọ́n fò ó.

Àyẹ̀wò tó ń wá láti ara kókó fúnra rẹ̀ ń bọ̀, DNA jẹjẹrẹ tó ń léfòó nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sàkómà kan rọrùn fún un torí pé wọ́n ní àmì tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì aláìlárùn: synovial sarcoma ní SS18 tó so mọ́ SSX, myxoid liposarcoma ní FUS tó so mọ́ DDIT3. Ẹni tó bá rí ìsopọ̀ yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ kò nílò láti béèrè bóyá eyín ló ń dun aláìsàn. Àmọ́ kókó kékeré kì í tú DNA tó pọ̀ síta, nítorí náà àìrí i kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ yẹn kan àwọn àyẹ̀wò ìṣáájú ju bó ṣe kan èyí lọ. Àmì àsọtẹ́lẹ̀ ni NLR àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní sàkómà. A kì í fi wọ́n wá a. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní sàkómà ni gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀ wọn dára ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Iwú tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tó wà lábẹ́ fascia (awọ tó bo iṣu ẹran) nínú iṣu ẹran, tàbí tó ń dàgbà, kò yẹ kí wọ́n tìtorí CRP 3 dá a sí. Ultrasound ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí MRI tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníhò gba ẹran díẹ̀, láti ojú ibi tí oníṣẹ́ abẹ máa lè gé kúrò pẹ̀lú kókó náà nígbẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì kàn là á yọ bí ẹni ń yọ lípómà, kókó ọ̀rá tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí àwòrán tó jáde.